Kíláàsì Keje ní Mokhotlong

Àwọn méjì péré ló gba àádọ́rùn-ún nínú ìṣirò lọ́dún náà:
Mpolokeng ọmọ nọ́ọ̀sì, àti Tšeliso.
Èmi ni mo kọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀kì kan náà, pátákó kan náà,
òtútù kan náà tó ń gba ojú fèrèsé tó fọ́ wọlé.

Ọ̀fẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba wí bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni.
Ṣùgbọ́n kíláàsì keje ni ọ̀fẹ́ ti ń parí,
bí ọ̀nà tó ṣàdédé já sódò tí kò ní afárá.
Ní òdìkejì: owó ilé ìwé, owó ibùsùn, bàtà dúdú,
súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo.

Ìyá Mpolokeng ti ra súwẹ́tà kí èsì tó jáde.
Ó ra méjì. Ó ní ọmọ ń dàgbà.

Bàbá Tšeliso lọ wa góòlù lábẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀,
ikọ́ ló kó bọ̀ wálé.
Ikọ́ ta màlúù mẹ́ta, ó ta ẹṣin,
kò yó, àfìgbà tó ta bàbá fún ilẹ̀.

Mo gun òkè lọ bá ìyá rẹ̀, lẹ́tà ìgbàwọlé lọ́wọ́ mi.
Ó nu ọwọ́, ó gbà á, ó wò ó títí.
Kò mọ̀wé. Ó dá a padà:
"Tíṣà, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Òrùlé mi ń jò."
Ó ní ọkùnrin kan ń wá ọmọ tí yóò máa da ẹran,
ọdún kan, àgùntàn méjìlá.
Ó ń ka àwọn àbúrò Tšeliso lórí ìka bó ṣe ń sọ ọ́.
Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́;
èmi tí mo ti jẹun kí n tó gòkè, kí ni mo fẹ́ wí?

Wọ́n ní ọmọ tó bá lọ́pọlọ kò ní ṣàì débi tó ń lọ.
Kí wọ́n wá bá mi ka ìwé orúkọ yìí.
Mọ́kànlélógún yege. Mẹ́sàn-án wọ sẹ́kọ́ńdìrì.
Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi, mẹ́sàn-án wo?

Lánàá, yìnyín bo gbogbo òkè.
Mò ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ìdá:
ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ òjìlúgba, èló ni?
Inú kíláàsì pa lọ́lọ́.
Ohùn kan dáhùn láti ìta, láti inú kúbùsù:
"Àádọ́rùn-ún."
Kí n tó yíjú, ó ti ń súfèé sí agbo.