Èmi Ni Mo Rán Káàkì Náà

Èmi ni mo rán káàkì náà,
ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ṣòkòtò márùn-ún,
nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ra, ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Kì í ṣe káàkì gidi o, ẹ má pe ọlọ́pàá.
Kọ́tìnnì ni, aláwọ̀ ewé gbígbẹ,
àṣẹ́kù rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé mi dòní.

Oyèdòkun tó ń ṣe fíìmù ló wá bá mi.
"Ìyá Mojírádé, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnì pọ̀ níbẹ̀.
Sójà tí kò rógun jà ni wọ́n,
bọ́tìnì ni wọ́n ń dán láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ẹ ò bá wo fíìmù náà!
Ọ̀gágun kan na aago ara ògiri ní kòbókò
torí pé ó lu mẹ́fà kí òun tó jí.
Kọ́púrà kan dá àkùkọ dúró lójú ọ̀nà oko,
ó ní kó káwọ́ sókè. Àkùkọ na ìyẹ́.
Ó ní ìyẹ́ kọ́, ọwọ́ ni òun wí.
Wọ́n wá tẹ́ máàpù sórí tábìlì, wọ́n ń pète
bí wọn yóò ṣe gba kànga abúlé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọ́.
Wọ́n pín oyè. Wọ́n mutí.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ló borí.

Ṣùgbọ́n ohun tí kámẹ́rà ò yà ni mo fẹ́ sọ.
Láníyì káfíńtà ló ṣe Kọ́púrà,
Láníyì tí kò lè sin gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà,
tó máa ń bẹ ewúrẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó rẹ̀.
Ó wọ aṣọ mi lọ ra ẹ̀wà ní Tákìé lọ́jọ́ kìíní.
Àwọn ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ti ọ̀kadà wọn.
Ẹlẹ́wà bù ú kún, kò gbowó.
Ó ń dúpẹ́ títí ó fi padà dé ọ̀dọ̀ wa.
Lọ́jọ́ kejì kò dúpẹ́.
Lọ́jọ́ kẹta ó bèèrè ẹran.
Lọ́jọ́ karùn-ún ó ní kí ọmọ tó ń gbé iná
kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, kó máa wo oòrùn.
Oyèdòkun pariwo pé, "Ó tó! Ẹ pa kámẹ́rà!"
Wọ́n ti pa kámẹ́rà tipẹ́.
Láníyì nìkan ló kù tó ń tàn.

Èmi ni mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn rẹ̀.
Ó ń gbọ̀n. Ó ní, "Ìyá, ó há mi lápá."
Kò há a. Èmi ni mo wọn apá yẹn.

Alẹ́ tí wọ́n fi fíìmù hàn ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé,
Sájẹ́ńtì Ògúnníran tó ti fẹ̀yìntì
jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.
Aago tí wọ́n nà, ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ,
ó ń fọwọ́ gbá itan, àga ń ké lábẹ́ rẹ̀.
Àkùkọ dé, ó dákẹ́.
Nígbà tí wọ́n tan iná, àga ti ṣófo.

Ọjọ́ Ajé ló dé ṣọ́ọ̀bù, láílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́.
Káàkì gidi ló wà nínú rẹ̀, ó ń rùn káńfọ̀.
"Tú u," ó ní. "Fi rán àpò ìrọ̀rí.
Èyí tó bá kù, kí o máa fi nu ẹ̀rọ."
Mo ní, "Bàbá, ṣé fíìmù yẹn dùn yín ni?"
Ó wo kọ́tìnnì mi pẹ́.
"Irọ́ ni wọ́n pa," ó ní. "Kì í ṣe àkùkọ."
Ó sanwó, kò dúnàá dúrà.

Bí mo ṣe ń tú àpò àyà òsì, abẹ mi kan nǹkan líle.
Láísẹ́ẹ̀sì dẹ́rẹ́bà ni, etí rẹ̀ ti jẹ,
ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tiraka kó má rẹ́rìn-ín.
Orúkọ rẹ̀ ti parẹ́. Orúkọ ìlú wa ló kù.

Inú agolo bọ́tìnì ni mo fi í sí.
Bí ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún bá wọlé,
mo máa ń ṣí agolo náà díẹ̀,
n óò wo ìsàlẹ̀, n óò wo ojú rẹ̀,
kí n tó nawọ́ sí téèpù.