Ọkọ̀ Keje

Mọ́tò mọ́kànlá la jẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
a ti Òkèfìà bọ̀, a ń lọ ṣí kànga ẹ̀rọ.
Èmi wà nínú èyí tó ṣìkeje,
báàgì dúdú ń bẹ lórí itan mi:
oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Olóyè, fìlà kejì,
orógbó mẹ́ta nínú ìwé ìròyìn,
àti jígí ojú tí wọn kì í lò bí ayàwòrán bá wà nítòsí.
Ọdún mẹ́fà. Wọn ò mọ orúkọ mi.
"Báàgì dà?" ni wọ́n máa ń wí,
èmi a sì dáhùn bí ẹni pé
ohun tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn.

Oníkálukú ló ní tirẹ̀.
Làmídì ń ṣílẹ̀kùn. Gbádégẹṣin ń rẹ́rìn-ín.
Iṣẹ́ ni, ẹ má fojú di í:
bí Olóyè bá pa àwàdà tó ti kú látàná,
òun ní ń jí i dìde.
Ẹnìkan sì wà tó kàn ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò,
a ò mọ ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Fèrè ń ké. Oríta Ọláìyá là bí obì.
Ọlọ́kadà kan yà bàrà sínú gọ́tà.
A gba Ìgbọ̀nà, a dé Òkè-Baálẹ̀,
a dé ojúlé tí wọ́n ti wẹ̀ mí lọ́mọ ọwọ́.

Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀kùrọ́.
Ó gbọ́ fèrè, ó fi òkúta sílẹ̀,
ó nu ọwọ́ sára ìró,
ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún,
fún mọ́tò kìn-ín-ní,
fún ìkejì, fún ìkẹta,
fún èyí tó kó kìkì àga oníke.
Nígbà tó kan tèmi, ó ṣì wà nílẹ̀.

Gíláàsì dúdú ni. Mo gbọ́wọ́ sókè.
Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà, jọ̀ọ́, rọra díẹ̀."
Ó ní, "Ṣé ìwọ ni Olóyè?"

Lálẹ́ mo pè é.
"Màámi, ẹ má kúnlẹ̀ fún wọn mọ́."
Ó ní, "Ọ̀ṣúnníyì, mi ò mọ èyí tó gbé ọ,
ni mo ṣe kí gbogbo wọn tán."
Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní,
"Ìkẹsàn-án tẹ adìẹ Ìyá Ṣítù pa.
Ta ni ká bá sọ ọ́ níbẹ̀?"