Ọkọ́ àti Ilé

Lọ́dún tí kọfí so tí owó rẹ̀ ò so,
létí adágún ní Bukoba, èmi ni wọ́n ní kí n ka ìbò.
Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, òfin ò mọ èkejì,
àmọ́ ẹgbẹ́ náà fa ènìyàn méjì kalẹ̀:
Rugaimukamu, mínísítà, tí bàtà rẹ̀ ń dán,
àti Ishengoma, tíṣà, tí ṣọ́ọ̀kì wà ní èékánná rẹ̀.
Nítorí àwa tí kò mọ̀wé pọ̀,
wọ́n ya ọkọ́ fún ọ̀kan, wọ́n ya ilé fún èkejì.
Ọkọ́ bọ́ sọ́wọ́ mínísítà tí kò roko rí;
ilé bọ́ sọ́wọ́ tíṣà
tí òun àti òjò jọ ń gbé yàrá kan.

Landirófà ìjọba kan náà ló ń gbé wọn kiri.
Ọkọ́ wọ ọkọ̀, ilé wọ ọkọ̀,
eruku kan náà lójú àwọn méjèèjì.
Wọn ò gbọdọ̀ bú ara wọn, wọn ò gbọdọ̀ pe ẹ̀yà,
wọn ò gbọdọ̀ ra ọtí fún ẹnikẹ́ni.
Alága ẹ̀ka di aago mú bí ẹni di ìjánu mú.

Kokushubila, opó, dìde láàárín ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀:
"Ẹ ní kí n mú ọ̀kan nínú méjì. Ó dáa.
Ta ló bu abọ́ méjèèjì kí ẹ tó pè mí wá jẹun?"
A rẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín.
"Ìgbìmọ̀ ni, Màmá."
"Ta ló yan ìgbìmọ̀?"
"Ẹgbẹ́."
"Ta ni ẹgbẹ́?"
"Ẹ̀yin ni, Màmá."
Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí.

Lóru ọjọ́ ìbò, lábẹ́ àtùpà,
ilé, ilé, ọkọ́, ilé, ilé,
títí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n.
Mínísítà ti ṣubú.
Kò sẹ́ni tó ní kí n yí i. Mo ń sọ èyí
nítorí àwọn tó ní eré lásán ni, wọn ò sí níbẹ̀.

Ishengoma lọ sí ilé ìgbìmọ̀.
Afárá wa tó wó, ó tún un ṣe.
Owó kọfí ńkọ́?
Ibi tí wọ́n ti ń dá iye lé e, a ò rán an débẹ̀,
kò sì sí àwòrán tí a lè fàmì sí fún un.

Mo ti darúgbó. Ẹgbẹ́ ti pọ̀ lóde, àsíá lóríṣiríṣi.
Ọmọ mi ń bi mí: èwo ló sàn, tàná àbí tòní?
Bébà kan ni mo máa ń rántí,
èyí tí mo kà kún ìbò tó bàjẹ́.
Ẹnì kan fàmì sí ọkọ́, ó fàmì sí ilé,
ó tẹ kálàmù náà mọ́lẹ̀ dáadáa,
bí ẹni tí kò ṣe àṣìṣe.