Igbá Orí

Ní Jàbàtà, l'Ọ̀yọ́, lẹ́bàá ògiri tí òjò ti jẹ nídìí,
Ọnàwùmí bàbá mi jókòó sórí àpótí,
igbá láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì,
ọ̀bẹ mẹ́ta nínú ẹ̀yín iná.
Ó yọ ọ̀kan, ó tutọ́ sí i: ṣììì.
"Èyí gbóná jù. Á dá igbá lu."
Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ tútù, ó kà á:
ení, èjì, ẹ̀ta,
kó tó gbé e lé ẹ̀yìn igbá.
Èéfín díẹ̀. Òórùn bí àgbàdo tó fẹ́ẹ́ jóná.
Alángbá kan sì yọrí níbi tí kò ti sí nǹkan kan.

Èmi ni mo ra oògùn náà fún un l'Ówòdé,
ike funfun, hóró ọgọ́ta,
nítorí pé ó pè mí ní Mopélọ́lá
lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.
Mopélọ́lá, àbúrò rẹ̀ tó ti sùn láti ọdún méjìlélógún.
Ẹni tó tà á ní:
"Ọ́síjìn tó ya ìpátá ni.
Ó ń jẹ ọpọlọ bí ìpáàrà ṣe ń jẹ páànù.
Èyí á pa gbogbo rẹ̀, kò ní ku ẹyọ kan."
Kò ní ku ẹyọ kan!
Mo gbé ọ̀rọ̀ náà bọ báàgì pẹ̀lú ike.

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàọ́lọ́jì.
Lálẹ́ ọjọ́ náà iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì,
mo wá ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó náwó.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ a máa dáná, tọ̀sántòru ni.
Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni igi,
afẹ́fẹ́ tí a fà símú ni abẹ̀bẹ̀.
Ibi tí iná bá sì wà, ẹ̀ta iná kò ní ṣàìfò:
ọ́síjìn tí ara rẹ̀ kò balẹ̀,
tó ń wá ohun tó máa gbá mú.
Òmíràn nínú wọn a di omi tí nọ́ọ̀sì ń dà sójú egbò,
èyí tó máa ń hó yẹ̀ẹ̀,
omi yẹn gan-an, ní ìwọ̀n tí ojú kò tó,
nínú orí ọmọ tó ń kọ́ ábídí.

Mo ti pè é ní èérí. Mo ti pè é lọ́tàá.
Àṣé ìránṣẹ́ ni.
Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ké sí èkejì,
ẹ̀ta iná a fò, a fọwọ́ ba ìlẹ̀kùn:
"Ṣí i sí i. Má gbàgbé èyí."
Ìlẹ̀kùn a gbóná díẹ̀, ojú ẹsẹ̀ a di ọ̀nà,
ọ̀nà a di ọnà.
Àwọn panápaná inú ilé á wá dé,
wọn kì í pẹ́, wọn kì í sì í yá jù,
wọ́n á jẹ́ kó jíṣẹ́ tán ná.

Iná tó pọ̀ jù ń dá igbá lu, mi ò sẹ́.
Bí panápaná bá sùn lọ, ilé á jó,
orí àgbàlagbà mìíràn sì ń jó bẹ́ẹ̀ láìrú èéfín.
Ṣùgbọ́n igbá tí iná kò kàn rí,
igbá ìbumu lásán ni.
Kò sí alángbá lẹ́yìn rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ gba oògùn mi padà.
Bàbá ti da hóró rẹ̀ sínú bébà,
ó fi ike ṣe ilé abẹ́rẹ́.
Ó ní wọ́n tóbi jù, wọ́n ń há òun lọ́fun.
"Mopélọ́lá, sún síbí, o dí mi níná."
Mo sún.
Ó yọ ọ̀bẹ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
"Ení. Èjì."
Ó dákẹ́. Ó ń wo ògiri.
Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.
Adìyẹ kan kọjá. Ẹ̀yín iná ta pàrà.
"Ẹ̀ta," ni bàbá mi wí.