Kí Ẹsẹ̀ Tó Kan Ilẹ̀

Waya ni mo ń fà nínú ilé tuntun kan ní Apákẹ́
nígbà tí Àtọ́kẹ́ pè mí lórí fóònù:
"Gbọ́ ná, ó ti ta mí nípàá!"
Mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì, mo gbé ọ̀pá mi sílẹ̀,
mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n san gbogbo gbèsè rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fọlárìn ní kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀.
Láti oṣù kejì ló ti ń mira,
nígbà tí kò tíì ju ẹ̀wà kan lọ,
tí ìyá ò mọ̀, tí ọmọ gan-an ò mọ̀.
Ọpọlọ ò tíì fọhùn, ó ní;
okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló dá a ṣe.
Àwa tí a ní orí ni í ṣáájú ẹsẹ̀,
àṣé ẹsẹ̀ ti ń jó kí orí tó jí.

Ó yà á sẹ́yìn káàdì aláboyún fún mi:
ara pẹlẹbẹ kan, bí ewé tí a fẹ́ fi pọ́n ẹ̀kọ.
Etí rẹ̀ méjèèjì ká sókè, wọ́n pàdé, wọ́n lẹ̀ mọ́ra,
ó di páìpù.
Páìpù! Èyí yé mi.
Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fa waya ibẹ̀,
waya ń fa ara rẹ̀ ni.
Ọ̀kan jáde síwájú, ó ń wá iṣan orúnkún,
òmíràn ń wá ọmọńdinrín ẹsẹ̀,
òmíràn rékọjá láti ọ̀tún sí òsì
kí ó lè sọ fún ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ pé:
"Bí mo bá gbé e, ìwọ dúró."
Bí wọ́n bá jọ gbé e pọ̀, ehoro ni ìyẹn, kì í ṣe ènìyàn.
Wọ́n á tanná, wọ́n á pa á, wọ́n á tún tàn án,
kò sẹ́ni tó pàṣẹ.
Èyí tí kò bá rí iṣan dì mú a kú.
Bí ìdajì wọn, ni Nọ́ọ̀sì wí,
ó sì ń mu omi rẹ̀ lọ.

Èmi mọ waya tó jóná.
Ọmọ ọdún méjì ni mí ní Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n
nígbà tí ibà kan wọlé lálẹ́.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ,
ó mú ẹsẹ̀ òsì mi dání.
Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀.
Iṣan wà, egungun wà, bí èèrà bá bu mí jẹ mo mọ̀;
ọ̀rọ̀ ni kò dé ibẹ̀ mọ́.

Lóru, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn Àtọ́kẹ́.
Mo tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ó dáhùn.
"Òsì nìyẹn àbí ọ̀tún?"
Àtọ́kẹ́ ní, "Jẹ́ kí n sùn, jàre."

Ìgbà tí máńgòrò ń já lu páànù ni a bí i.
Nọ́ọ̀sì dì í mú lábíyá,
ó jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan tábìlì.
Ọmọ tí kò lè gbé ọrùn dúró
gbé ọ̀tún.
Ó gbé òsì.
"Yóò gbàgbé ìrìn yìí láìpẹ́," ni Nọ́ọ̀sì wí,
"yóò tún un kọ́ bó bá di ọmọ ọdún kan."
Kò burú. Mo nawọ́ mú ọ̀pá mi, mo dìde,
ọ̀tún, ọ̀pá, ọ̀tún, ọ̀pá, títí dé ẹ̀bá tábìlì.
Ẹ má tíì gbé e kúrò.
Ẹ jẹ́ kí n tún kà á.