Ẹrẹ̀ Ẹsẹ̀ Ìránṣẹ́

Pechiammal kì í wòkè kó tó sọ bí òkè ṣe rí.
Yàrá kékeré kan ló ń jókòó sí lórí òrùlé pẹrẹsẹ,
ní Tirunelveli, níbi tí fáànù ti ń ráhùn lórí rẹ̀,
tó ń wo ìlà mọ́kànlélógún lójú kọ̀ǹpútà,
ìlà kan fún sátẹ́láìtì kan.

Ìta ni èríàlì wà, ó funfun, ó rí ribiti
bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé orí òpó irin.
Kannakánná kan fẹ́ràn ibẹ̀ láti bà lé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Pechiammal ń fi aṣọ tútù
nu ohun tí ẹyẹ náà bá fi sílẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ atọ́nà fún ọkọ̀,
ìbéèrè kan ṣoṣo ni tiwọn: níbo ni mo wà?
Bí ìró bá pẹ́ díẹ̀ lọ́nà ọ̀run,
wọ́n á ṣírò ìpẹ́ náà, wọ́n á jù ú nù
bí ẹní ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.
Òkúta yẹn gan-an ni Pechiammal ń kó jọ.
Òun mọ ibi tí òun wà. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé níbẹ̀.
Ọ̀nà ló ń bèèrè.

Ìránṣẹ́ tó pẹ́ dé, ẹ má tíì nà án,
ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná.
Ẹrẹ̀ yóò sọ odò tó là kọjá.

Ìró méjì ni sátẹ́láìtì ń rán wá,
ìbejì tó jáde nílé lẹ́ẹ̀kan náà,
ọ̀kan ohùn òkè, ọ̀kan ohùn ìsàlẹ̀.
Níbi tí oòrùn ti ń fọ́ afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́,
iná wẹ́wẹ́ bo ojú ọ̀nà bí eruku ọ̀gbẹlẹ̀,
ó sì ń dá ohùn ìsàlẹ̀ dúró ju ìkejì rẹ̀ lọ.
Wọn kì í wọlé pọ̀.
Gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sí mílíọ̀nù ọ̀nà,
àlàfo àárín wọn kò tó ẹyọ kan níbẹ̀;
òun la fi ń ka eruku.

Ìyá rẹ̀, Sornam, rẹ́rìn-ín títí:
"Wọ́n ń sanwó fún ọ torí pé nǹkan pẹ́ dé?
Ọkọ̀ ojú irin Chennai ì bá ti sọ mí di olówó."

Lóṣù kẹta, tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba,
tí oòrùn bá rì sẹ́yìn àwọn àgbọn olódu,
eruku ìsàlẹ̀ á tètè tú ká, tòkè á ṣì wúwo.
Fífúyẹ́ lábẹ́ wíwúwo, kí ló kù?
Ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ògì lórí ààrò.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní aago mẹ́sàn-án kù ogún ìṣẹ́jú,
Rayappan pè é láti inú ọkọ̀ ìpẹja, nítòsí Manapad.
"Ẹ̀rọ mi ní orí ilẹ̀ ni mo wà.
Ẹja ló wà lábẹ́ mi, àbúrò!"
Ó wo ìlà rẹ̀. Ti ìwọ̀-oòrùn ti fara balẹ̀,
ti ìlà-oòrùn ṣì ń gbọ̀n bí ọmọ tí òjò pa.
"Má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Iná ṣọ́ọ̀ṣì ni kó o máa wò.
Ó ti kọjá lórí mi, ó ń kọjá lórí rẹ nísinsìnyí."
"Kí ló ń kọjá?"
Ó wá ọ̀rọ̀. "Ihò," ló wí. "Ihò kan nínú òkè."
Rayappan dákẹ́. Omi ń gbá ìhà ọkọ̀ rẹ̀.
"Ó tóbi?"
"Ó ju agbègbè wa yìí lọ."

Ó kọ aago náà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó jáde,
ó gbójú sókè, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.
Kò rí ihò kankan. Ìràwọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n dúró jẹ́jẹ́
bí ará ilé tí kò gbọ́ ariwo.
Kannakánná ti tún ṣe tirẹ̀ sórí igbá.
Ó wọlé lọ mú aṣọ.