Oje àti Òjé

Bàbá mi a máa fi eyín já sọ́dà
nínú ìsọ̀ kótópó kan létí títì, ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó,
rédíò mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn yadi.
Màmá mi á ké: "Ọ̀ṣìfẹ̀sọ̀! Òjé nìyẹn o, májèlé ni!"
Á rẹ́rìn-ín, á tu kélébé wáyà sí àtẹ́lẹwọ́,
á ní: "Òjé kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tánganran ló pọ̀ jù níbẹ̀.
Wọ́n ti fẹ́ra wọn tipẹ́."

Èmi rèé ní Agó-Ìwòyè, ogún ọdún ó lé díẹ̀,
àwọn méjèèjì náà ni mo tún ń bá parí ìjà
lórí awẹ́ gíláàsì tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Oòrùn ni mò ń dẹ tàkúté fún.
Kì í ṣe èyí tí ojú rí nìkan:
ìtànṣán kan wà lẹ́yìn pupa, ojú ò tó o,
ara ló ń mọ̀ ọ́n, bí ooru abẹ́ páànù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn.
Òjé nìkan ò lè gbá a mú.
Ìgbà tí tánganran bá bá a dàpọ̀
ni ẹnu àwọ̀n tó fẹ̀ dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojora ń bẹ lára tánganran.
Atẹ́gùn fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré,
ó ti jọ̀wọ́ ohun tó yẹ kó dì mú,
ó ti dógùn-ún, àwọ̀n ti lu.
Nínú àpótí tí a lé èémí ayé kúrò nínú rẹ̀ ni mo ti ń ṣe é,
mo ki apá bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà bí ẹni ń gbẹ̀bí màlúù.
Síbẹ̀, mẹ́rìnlá.
Mẹ́tàlá.
Mẹ́rìnlá àbọ̀.
Bí ọgọ́rùn-ún oòrùn bá já lu gíláàsì, iye tó di iná nìyẹn;
ìyókù di ooru, ó bá tirẹ̀ lọ.
Lọ́jọ́ Àlàmísì, ọkọ̀ tó ń kó sílíńdà wa bọ̀ taku sí Ṣágámù.
Kúbúrátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ó ń ka gíláàsì tó bàjẹ́ bí ẹni ń ka gbèsè:
igba ó lé mẹ́ta.

Mo lọ sílé. Bàbá ń tún rédíò ọkùnrin kan ṣe,
ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, òórùn ló fi ń ṣiṣẹ́.
Kí irin gbígbóná tó kan sọ́dà,
ó kọ́kọ́ tì í bọ oje igi kan nínú ìdérí ike.
Èéfín rú, ó rùn bí igbó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Mo ní: Bàbá, kí ni oje yẹn wà fún?
Ó wò mí bí ẹni béèrè ohun tí omi wà fún.
"Tánganran ń bẹ̀rù atẹ́gùn. Oje ló ń bá a jẹ ìyà rẹ̀.
Oje á kọ́kọ́ jóná, kí àwọn yòókù tó ríbi dì mọ́ra."

Oje.
Òjé.
Ohùn nìkan ló yà wọ́n.

Ní Mọ́ńdè a wá ohun tí yóò jẹ ìyà náà:
ìyẹ̀fun kíkan kan, irú èyí tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́,
ìwọ̀n tí èèrà kan lè gbé.
Gíláàsì jáde dúdú, ó ń dán bí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ.
Mẹ́rìndínlógún.
A dín ìyẹ̀fun kù. Mẹ́tàdínlógún àti díẹ̀.
Kúbúrátù pariwo, wọ́n sì mú iná lọ.

Ẹ má tíì kí mi kú oríire.
Lọ́jọ́ kọkànlélógún, gíláàsì náà ti rọ̀ padà sí mẹ́tàlá,
òjé ṣì wà nínú rẹ̀,
òjé tí mi ò fẹ́ kó dé inú kànga ẹnikẹ́ni.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí.
Bàbá pè lálẹ́, kò béèrè nọ́ńbà kankan.
Ó ní rédíò ọkùnrin yẹn ti ń sọ̀rọ̀,
ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbé,
ó sì ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.